Ìwé wo ló yẹ kí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí kà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí àwọn ènìyàn díẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà mò ń wá ìwé tí yóò kọ́ mi bí a ṣe ń bá ènìyàn wí láìtàbùkù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn kàn ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ni. Ìtàn ìgbésí ayé àwọn aṣáájú ló wù mí jù, bí òǹkọ̀wé kò bá kàn ń yin ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, báwo sì ni ẹ ṣe ń mú ohun tí ẹ kà lò?