Ìlẹ̀kẹ̀ pectin tó gbé curcumin ń tú kó tó dé ìfun ńlá

Akẹ́kọ̀ọ́-ewé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí yóò gbé curcumin, èròjà yẹ́lò inú ata ilẹ̀ pupa, gba ẹnu dé ìfun ńlá, fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ibẹ̀. Pectin low-methoxyl (èròjà inú èso tó máa ń dì tí calcium bá so ó pọ̀) 4% nínú omi ni mo lò. Mo po curcumin tí mo lọ̀ kúnná mọ́ ọn, mo ń kán an láti ẹnu abẹ́rẹ́ 21G sínú omi calcium chloride 5%. Ó ń wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, mo ṣan án, mo gbẹ ẹ́ ní 40°C, lẹ́yìn náà mo rì í bọ Eudragit S100, ìbora oògùn tí ásíìdì inú ikùn kì í yọ́, tí mo fi ethanol yọ́.

Àyẹ̀wò mi: wákàtí 2 nínú ásíìdì pH 1.2 (bíi inú ikùn), wákàtí 3 nínú phosphate buffer (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) pH 6.8 (bíi ìfun kékeré), kó tó bọ́ sí pH 7.4. Tween 80 (ohun bí ọṣẹ tó ń jẹ́ kí curcumin yọ́ nínú omi) 1% wà nínú gbogbo wọn. Nínú ásíìdì, omi ti ń di yẹ́lò. Ní 6.8, ìlẹ̀kẹ̀ ń fọ́. Ní 7.4, iye curcumin tí mò ń fi ìmọ́lẹ̀ 425 nm kà nínú omi á gòkè, á tún máa lọ sílẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé kí n sì fi piperine (èròjà tó ń ta lẹ́nu nínú ata iyèré) kún un kí ara lè gbà á dáadáa?

Apoògùn7

Ẹ má tíì fọwọ́ kan pectin yẹn. Ọ̀dọ̀ ìbora ni ti ásíìdì ti wá. Ethanol tó ń yọ́ Eudragit náà ló ń yọ́ curcumin. Bí ẹ ṣe ń rì í bọ inú rẹ̀, ó ń fa curcumin ojú ìlẹ̀kẹ̀ jáde, ìyẹn á sì gbẹ mọ́ ìbora. Ẹ wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù: bí ìbora bá yẹ́lò dípò kó mọ́ gaara, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ fi HPMC, ohun ìbora tó ń yọ́ nínú omi, tí ẹ fi omi yọ́ bò ó, kó fi 2 sí 3% kún ìwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn gbígbóná, torí bí omi bá pọ̀ jù, pectin á wú. Ìgbà tó bá gbẹ délẹ̀ ni kí Eudragit tó kan. Ìyẹn náà, ẹ fọ́n ọn. Ẹ má rì í mọ́. Ẹ fi triethyl citrate, tó ń mú ìbora rọ̀, sí i, 10% ìwọ̀n Eudragit, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbora á le gan-an, á sì sán. Ìlẹ̀kẹ̀ tó gbẹ máa ń hun jọ, orí ìhunjọ yẹn sì ni ìbora ti máa ń fẹ́lẹ́ jù, nítorí náà ẹ má ṣe lo ìwọ̀n ìbora tí wọ́n ń lò fún hóró oògùn ńlá.

Onífun

Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, àmọ́ ti pH 6.8 ní ẹjọ́ tirẹ̀. Eudragit S100 kì í yọ́ àfi tí pH bá kọjá 7. Tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń fọ́ ní 6.8, omi ti ráyè gba ibi tí ìbora ti sán wọlé, phosphate inú buffer sì ń fa calcium jáde. Calcium yẹn ló so pectin pọ̀. Bí phosphate bá ti gbà á, àwọn méjèèjì á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ á sì tú. Nínú ìfun èèyàn, bicarbonate ló ń ṣe iṣẹ́ buffer jù. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní ìbora sínú HEPES (buffer tí kò ní phosphate) pH 6.8, kí ẹ fi wé phosphate. Ìyàtọ̀ á hàn. Bí ó bá tún rọ̀ jù, ẹ dán zinc acetate wò dípò calcium chloride.

Ti kíkà tó ń lọ sílẹ̀: curcumin ń bàjẹ́ ni. Nínú phosphate buffer lásán ní pH tó sún mọ́ 7.4 àti 37°C, nǹkan bí 90% rẹ̀ ló ń bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 30. Tween 80 ń dín in kù, kò dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́, nítorí náà ẹ fi fọ́ìlì wé ìkòkò yín. Kí ẹ tún wọn èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìlẹ̀kẹ̀, torí ohun tó wà nínú omi nìkan kò sọ gbogbo ìtàn.

Ẹ má sì parí àyẹ̀wò sí 7.4. Òpin ìfun kékeré ni pH ti ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, ó ń padà sí nǹkan bí 6.4. Wákàtí kan ní 7.4 tó, kí ẹ wá gbé e bọ́ sí 6.4 tó ní pectinase (èròjà tó ń fọ́ pectin), tàbí ohun inú ìfun ńlá eku lábẹ́ náítrójìn, torí bakitéríà ibẹ̀ ló ń jẹ pectin.

Iyá Wọ́ọ̀dù

Piperine? Rárá o. Ní Íńdíà ní 1998, 20 mg piperine pẹ̀lú 2 g curcumin sọ iye tó dé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn di ìlọ́po 20. Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ẹ̀yin ń lọ ni ìfun ńlá. Èyí tí ara kò bá gbà lókè ló máa débẹ̀.

Ewu rẹ̀ tún nìyí: piperine ń dí CYP3A4, èròjà ara tó ń fọ́ oògùn, lọ́wọ́, òun náà ló wà lára ohun tó ń fọ́ irinotecan, oògùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Bí irinotecan bá pọ̀ jù lára, ìgbẹ́ gbuuru àti ẹ̀jẹ̀ funfun tó lọ sílẹ̀ ni. Ata iyèré ọbẹ̀ wa ní piperine nínú, ẹ máa bi àwọn aláìsàn yín nípa àgbo tí wọ́n ń mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwòsàn. Ní 2011 ní Amẹ́ríkà, 4 g lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 dín àmì ìbẹ̀rẹ̀ àrùn nínú ìfun àwọn amusìgá kù ní 40%. 2 g kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó jáde ní 2018 fún àwọn tó jogún polyp (kókó tó ń hù nínú ìfun), 3 g lójúmọ́ fún oṣù 12, kò yàtọ̀ sí oògùn òfìfo. Ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa kò sì ju nǹkan bí 3% curcumin lọ, nítorí náà 4 g á gba ìyẹ̀fun bíi 130 g.

Akẹ́kọ̀ọ́-ewé

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Tí àrùn bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ ńkọ́?

Onífun

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kò lè débẹ̀. Ohun ojú ìfun ló wà fún. Kódà níbẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn apakòkòrò lè má ní bakitéríà tó láti jẹ pectin, ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru á sì yà á jáde kó tó tú. Ẹ kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní bá yín kópa, tó bá yá tó kan èèyàn.