Òkè wo la lè gùn láti Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, ká sì padà kílẹ̀ tó ṣú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa 5 láti Tánkè fẹ́ gun òkè ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún 11 kan wà nínú wa, ẹnìkan sì wà tí orúnkún máa ń dùn. Òkè Sóbí ló wá sí wa lọ́kàn, àwọn kan sì ní ká kúkú lọ síbi omi tó ń já látòkè ní Òwu. Èwo ni ká ṣe? Ẹ dákun, ẹ má kàn sọ pé ká ṣọ́ra. Ẹ sọ ohun tá a máa ṣọ́ra fún.

Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí:
Sóbí ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Wọ́n á ní orí òkè náà fi nǹkan bí mítà 390 ga ju ojú òkun lọ, àmọ́ Ìlọrin fúnra rẹ̀ ti wà lókè tó bíi mítà 300. Ohun tí ẹsẹ̀ yín máa gùn kò ju bí àtẹ̀gùn ilé alájà 30 lọ. Oòrùn lọ̀tá níbẹ̀, kì í ṣe gíga. Tó bá fi máa di aago 11, àpáta yẹn á ti gbóná bí agbada àkàrà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kété tílẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago 10.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Òwu rẹwà, pàápàá láàárín Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án tí omi kún. Lẹ́ẹ̀rùn, ó máa ń dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ ná. Igbó ló pọ̀ lọ́nà Ìfẹ́lódùn yẹn, gbogbo wa la sì ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé. Ẹni tó ń gbé lágbègbè ibẹ̀ lẹ máa bi léèrè, láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an. Fọ́tò èèyàn tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò sọ nǹkan kan fún yín. Tẹ́ni tí orúnkún ń dùn bá fẹ́ ọjọ́ tirẹ̀, ẹ mú un lọ sí Èsìẹ́ wo àwọn ère òkúta. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ti wà láti 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè ọ̀nà tibẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó gbéra.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ọ̀fà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣubú. Irú àpáta báyìí máa ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Etí ìpele tó ti bó lè mi lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ fi igi tì í wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni iyanrìn wẹ́wẹ́ tó wà lójú àpáta bíi gààrí: ẹsẹ̀ á kàn yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni ìlà dúdú tí omi òjò ń gbà ṣàn. Tó bá gbẹ, kò síṣòro. Tó bá tutù, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Tójò bá rọ̀ lóru ọjọ́ Jímọ̀, ẹ sún ìrìn náà síwájú.
Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán kò wúlò. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dojú kọ ìsàlẹ̀ tààrà, ẹ máa rìn lọ́nà kọ́rọkọ̀rọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín balẹ̀ pátá.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Orúnkún ńkọ́? Omi mélòó?

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀mù-Àrán:
Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń dá orúnkún lóró ju ìgòkè lọ, torí náà kó má lo gbogbo agbára rẹ̀ tán kó tó débi tó le. Bó bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dáa ni kó kọ́kọ́ gbé. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń dùn ún ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Kó mú ọ̀pá dání lódìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn.
Omi: piọ wọ́tà 4 fún àgbàlagbà, 3 fún ọmọ. Èyí tó jẹ́ 50cl ni mò ń sọ. Ẹ tún po omi iyọ̀-ṣúgà sínú ìgò kan: lítà 1 omi tó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fojú wọn iyọ̀ o, tó bá pọ̀ ewu ni. Tọ́mọ bá dákẹ́ lójijì, tí orí ń fọ́ ọ, tàbí tó ń sùn sùn, ìrìn ti parí nìyẹn. Ẹ gbé e síbòji, ẹ fi aṣọ tutù nù ún lára, kẹ́ ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀ tó bá lajú dáadáa tó sì lè gbé e mì.
Ẹ má gbé wàrà lọ, ó máa kan. Epà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tó.

Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí:
Mo gbàgbé: bárékè sójà wà nítòsí. Ẹ má kọjú kámẹ́rà síbẹ̀ rárá. Ẹ lè bá àwọn tó ń gbàdúrà lókè, ẹ kí wọn, ẹ má tan orin. Tóyin bá dé, ẹ má gbá a. Ẹ bo ojú, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ imú bàtà á fọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó bá gbé yín lọ, ẹ gba nọ́ńbà onítọ̀hún, kẹ́ ẹ sì ṣàdéhùn owó àbọ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀.