Kí ló dé tí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí fi ń gba owó wúrà Fẹ́nísì tí àwòrán Jésù wà lára rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ń kà nípa dúkáàtì, owó wúrà tí ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní ọdún 1284, nígbà ìṣàkóso Dóòjì Giovanni Dandolo. Ní ojú kan, Dóòjì, ìyẹn olórí ìlú, kúnlẹ̀ níwájú Máàkù Mímọ́, ó ń gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ojú kejì, Jésù dúró láàárín àwọn ìràwọ̀, ó ń súre, Ìwé Ìhìnrere sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èé ṣe tí olórí ìlú fi gbà kí wọ́n ya òun lórí ìkúnlẹ̀ sára owó tirẹ̀? Báwo sì ni àwọn Mùsùlùmí ní Káírò àti Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì ṣe ń gba owó tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni n ó dáhùn. Dóòjì kì í jogún oyè. Àwọn ìdílé ọlọ́lá ló ń yàn án, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì kí ó má baà sọ ara rẹ̀ di ọba. Máàkù Mímọ́ ni wọ́n kà sí aláàbò ìlú láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò wọn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Fẹ́nísì ti wí, gbé egungun rẹ̀ kúrò ní Alẹkisáńdríà ní ọdún 828. Lára owó fàdákà tí ó ṣáájú dúkáàtì, Dóòjì àti Máàkù jọ dúró ni. Lára wúrà ni Dóòjì ti wá kúnlẹ̀. Àkọlé Látìn tí ó yí Jésù ká sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ilẹ̀ náà jẹ́ ti Kírísítì, ẹni tí ó ń ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tí Nicolò Tron, tí ó jẹ Dóòjì láti ọdún 1471 sí 1473, ya ojú ara rẹ̀ sára owó fàdákà, wọ́n fòfin de irú àṣà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àǹtí Oníwúrà:
Ẹ ṣeun, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ. Ní ti ìbéèrè kejì, ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Dúkáàtì kọ̀ọ̀kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 3.5, wúrà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan. Àwọn ará Yúróòpù ń ra ata àti àwọn èròjà olóòórùn dídùn ní Íjíbítì ju ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ, nítorí náà wúrà ni wọ́n fi ń dí àlàfo rẹ̀. Àwòrán kò jẹ àwọn tó ń gbà á lógún rárá: al-Qalqashandi, akọ̀wé ìjọba ní Káírò tí ó kú ní ọdún 1418, ṣì í kọ pé Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ni wọ́n yà sí ojú kan owó náà!

Síbẹ̀, inú àwọn aláṣẹ kò dùn sí i. Ní ọdún 1425, Súlútáánì Barsbay, olórí Íjíbítì, rọ owó wúrà tirẹ̀, ashrafi, tí kò ní àwòrán kankan bí kò ṣe ìkọ̀wé Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀: kò padà sí ìwọ̀n dínárì, owó wúrà àtijọ́ ti àwọn Mùsùlùmí, tí ó ju gíráàmù 4 lọ, ó mú un súnmọ́ ìwọ̀n dúkáàtì, kí ọjà lè gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Mo dúpẹ́ o. Tí ó bá jẹ́ ìwọ̀n nìkan ni, kí ló dé tí Fẹ́nísì kò fi yí àwòrán náà padà títí Napoleon, ọ̀gágun Faransé, fi gba ìlú náà ní ọdún 1797?

Bàbá Àgbà Ọjà:
Ẹni tí kò lè ka Látìn mọ owó náà bí ó bá ti rí i, ìyẹn ló fà á. Orúkọ Dóòjì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀ bí ẹnìkan bá ti kú tí ẹlòmíràn sì jẹ. Lójú tèmi, ìbọ̀wọ̀ fún Máàkù ló bí àwòrán náà, ṣùgbọ́n èrè ọjà ló jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àyípadà díẹ̀ ti tó láti mú kí oníṣòwò òkèèrè fura. Ní Íńdíà, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe àfarawé rẹ̀ fún ẹ̀gbà ọrùn. Lára ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí, lẹ́tà Látìn ti di ìlà lásán, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó dúró àti èyí tí ó kúnlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àsíá sì wà láàárín wọn.