Yàrá kan ṣoṣo ni kò gbóná

Ẹ̀yin ará, ẹ kú òtútù o. Nílé wa ní Manchester, bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ló ń gbé omi gbígbóná kiri inú àwọn rédíétọ̀, ìyẹn irin ara ògiri tó ń mú yàrá móoru. Òkè àti ìsàlẹ̀ ní tẹmositáàtì tiwọn, ìyẹn ohun tí a fi ń yan bí ilé ṣe máa gbóná tó. Gbogbo òkè ló ń móoru, àfi yàrá màmá wa ní ìkángun. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ sùn! Páìpù tó ń wọ rédíétọ̀ wọn gbóná, èyí tó ń jáde tutù rinrin. Mo ti tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ dànù títí omi fi jáde, mo sún bẹ́ẹ̀dì kúrò níwájú ẹ̀. Pàbó. Tí mo bá sì yí tẹmositáàtì sókè, àwọn yàrá yòókù á di ààrò. Púlọ́mbà ní ká fi pọ́ǹpù tó lágbára sí i. Owó gọbọi nìyẹn. Ṣé kí n kọ́kọ́ dín omi tó ń wọ àwọn rédíétọ̀ yòókù kù ná? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé gan-an.