Ìmọ̀ràn o: mo ń wá mọ́tò asáré onímáńúà n'Ìbàdàn

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá mọ́tò asáré, máńúà ni mo fẹ́. Ìbáà ṣe tòkunbọ̀, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n ti ń lò nílé níbí, kò sí wàhálà. Honda S2000 ló wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Bí kò bá sí, Toyota Celica tàbí Mazda MX-5. Mílíọ̀nù méje náírà ló wà nílẹ̀, mo sì lè fi díẹ̀ kún un bí mọ́tò náà bá wù mí dójú ẹ̀. Mo ti yí gbogbo àwọn tó ń ta mọ́tò ní Ring Road àti Iwo Road po, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ọ̀gá, ta ló tún ń wa máńúà láyé ìsinsìnyí?" Bódìjà ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni ibi iṣẹ́, màá sì máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni kí n rà, níbo ni kí n ti wá a, kí sì ni kí n yẹ̀ wò?

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì

Àbúrò, gbé S2000 kúrò lọ́kàn ná. Mọ́tò náà dáa, owó tó o mú wá ni kò tó o. Láti 1999 títí dé 2009 tí Honda fi ṣe é, máńúà oníjíà mẹ́fà nìkan ni wọ́n ṣe, kò sí ọ́tò (èyí tó ń yí jíà fúnra ẹ̀) kan ṣoṣo níbẹ̀, bíi 110,000 péré sì ni gbogbo ẹ̀ lágbàáyé. Àwọn tó ní i kì í fẹ́ tà á mọ́. Èyí tó mọ́ díẹ̀ l'Amẹ́ríkà ti kọjá 20,000 dọ́là, o ò tíì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, o ò tíì fojú kan kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ti Japan wà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni sítíà ẹ̀ wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì gbà kí irú ẹ̀ wọlé. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ti yí sítíà ẹ̀ sí òsì, ní kó tan wáípà. Bí wáípà bá ń nu iwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa, tó ń fi igun kan sílẹ̀ níwájú dírẹ́bà, wọ́n ti gé e, wọ́n ti jó o. Máa bá tìẹ lọ.

Bó o tiẹ̀ rí i rà, òkè pátápátá ni agbára ẹ́ńjìnnì yẹn wà, nítòsí 8,000 lójú aago RPM (aago tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Níbo lo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ débẹ̀? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá?

Ohun tí mo rí sí i nìyí: wá Toyota Corolla XRS (XRS ni wọ́n ń pe èyí tó jẹ́ asáré) ti 2005 tàbí 2006, tàbí Matrix XRS ti 2003 sí 2006. Ẹ́ńjìnnì 2ZZ ló wà nínú àwọn méjèèjì, 1.8 lítà, òun náà ló wà nínú Celica GT-S. Toyota pẹ̀lú Yamaha ni wọ́n jọ ṣe é, Lotus tó ń ṣe mọ́tò asáré pàápàá rà á lọ sínú Elise wọn. Tó o bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ní nǹkan bíi 6,200 ohùn ẹ̀ á yí padà, á sì fà ẹ́ mọ́ àga. Àmọ́ ilẹ̀kùn, iná, ṣọ́kù àti búṣìnnì ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò yàtọ̀ sí ti Corolla àti Matrix tó kún ìgboro. O máa rí wọn ní Àràrọ̀mí ní Gate kí oòrùn tó mú.

Ìyá Ìbejì Akobo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé Honda Civic Si. Òun ni mò ń wà. Ti 2006 sí 2011, ẹ́ńjìnnì 2.0 lítà, agbára ẹṣin (horsepower) 197 ló ní, jíà mẹ́fà, kò sì sí ọ́tò rárá nínú ti ọdún wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí "Si" tó jẹ́ ojúlówó, máńúà ni. Ti Matrix XRS ò rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ṣe ọ́tò díẹ̀ nínú ẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa fura sí i ni jíà kẹta. Ti 2006 sí 2008, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń lọ jíà yẹn bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, nígbà míì ó máa ń ta jáde padà fúnra ẹ̀. Honda fúnra wọn kọ̀wé sáwọn dílà wọn nítorí ẹ̀. Tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ tẹ jíà kejì dé òkè dáadáa, kí ẹ wá yára wọ kẹta. Ẹ má rọra wọ̀ ọ́ o, bí ẹ bá rọra, kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Ọkọ mi ò lè wa máńúà títí di òní, ìyẹn náà dùn mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń yá mọ́tò mi.

Jámánì Pọ́ńbélé

BMW E46, 330i, máńúà. Mọ́tò ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù, mọ́tò lílọ sí ọjà ni.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì

Jámánì, o ti tún dé. Táńkì omi E46, ike ni. Páìpù tó so mọ́ ọn, ike ni. Tí ike bá ti gbó, òórùn omi rédíétọ̀ gbígbóná lo máa kọ́kọ́ gbọ́ ní Challenge, kó o tó rí èéfín. Ẹni tó bá ní owó tó máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló lè fọkàn balẹ̀ rà á. Ọmọ yìí ní mílíọ̀nù méje, má ti ọmọ ọlọ́mọ sí gbèsè.

Alágbàtà Iwo Road

Mo ń ta mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Tá a bá gbé máńúà wọlé, á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù títí eruku á fi bò ó, owó wa á sì há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kì í fi rí i lójú títì. Ó wà o, ṣùgbọ́n inú ilé àwọn èèyàn ló wà.

Lórí Jiji àti Facebook, ẹ má gbára lé ibi tí wọ́n kọ "manual" sí. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ibẹ̀, "automatic" la máa ń tẹ̀ sí gbogbo ẹ̀. Orúkọ mọ́tò ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ wá máa wo fọ́tò ọ̀pá jíà. Èyí tí wọn ò bá ya ọ̀pá jíà ẹ̀, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè iye pẹ́dàlì tó wà nílẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ wò ó, ẹ ti rí i pé kì í ṣe òun ló ni ín.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ bá àwọn tó ń gbé mọ́tò wọlé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rà á l'Amẹ́ríkà, ẹ má dúró dìgbà tó bá dé Berger l'Ékòó. Ẹ gba VIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, kí ẹ sanwó yẹ ìtàn ẹ̀ wò: bóyá omi ti bò ó, bóyá ó ti forí sọ ògiri. Àwọn tó bá sọ pé àwọn máa gba Kútọnu gbé e wá fún yín, ẹ má dá wọn lóhùn. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti ní kí mọ́tò má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ ṣe, ẹ̀yin ni wọ́n máa dá dúró lọ́nà nítorí ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí Matrix kan ní Apátá, ẹni tó ń tà á ní XRS ni, máńúà, owó ẹ̀ sì rọ̀. Nínú fọ́tò, pẹ́dàlì mẹ́ta ló wà lóòótọ́. Àmọ́ tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn, mò ń rí P, R, N, D níbẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?

Maikírà Nìkan

Rárá o! Ọ́tò ni wọ́n bí i. Jíábọ́ọ̀sì ọ́tò ẹ̀ ló kú, wọ́n wá ki jíà máńúà bọ̀ ọ́. Á rìn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe XRS. Wo aago RPM ẹ̀ náà: ti XRS, apá pupa ń súnmọ́ 8,000, ti Matrix lásán ò dé 7,000. Tó o bá débẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wá síkà tó wà lára òpó, ka ibi tí wọ́n kọ A/TM sí. C60 ni jíà mẹ́fà máńúà tó ò ń wá. Bó o bá rí U240E, ọ́tò ni. Kí o tún fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì so mọ́. Ti ilé iṣẹ́ mọ́ nigín-nigín. Èyí tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, wàá rí ojú wẹ́dà níbẹ̀ àti ọ̀dà tó ti jó.

Mo wa Maikírà n'Ìbàdàn yìí pẹ́, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ pé ti mẹkáníìkì ò lè jẹ́ ìṣòro ẹ. Ìlú tí takisí ẹ̀ jẹ́ Maikírà máńúà, ẹni tó mọ kílọ́ọ̀ṣì kún inú ẹ̀. Mú ọ̀kan nínú wọn dání, má mú èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀ ọ́n kì bọ mọ́tò.

Bó o bá dé ìdí mọ́tò, tan án, má wọ jíà, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kó o tẹ́tí. Bí ó bá ń kùn, tó o wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó dákẹ́, bìárìn inú jíà ló ń ké. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó o tẹ̀ ẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ariwo, rílíìsì bìárìn ni, ìyẹn ò le tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, fa àńbíréèkì sókè dáadáa, wọ jíà kẹta, rọra gbé kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá kú, tó ń yí lọ, pléètì kílọ́ọ̀ṣì ti tán. Kó o wá gbé e lọ sí Òkè Àrẹ tàbí Màpó, kó o dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó o gbéra láìjẹ́ kó yọ̀ sẹ́yìn. Imú ẹ á sọ fún ẹ bó bá ń jó.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì

Maikírà ti sọ ọ́ tán. Ti 2ZZ nìkan ni màá fi kún un. Tẹ̀ ẹ́ kọjá 6,200 lórí ọ̀nà gbọọrọ. Bí ohùn ẹ̀ ò bá yí padà, ó lè jẹ́ bóòtù tó di apá tó ń ṣí fáàfù mú ló ti jẹ, pàápàá nínú àwọn Celica àkọ́kọ́. Ìyẹn ò wọ́n láti tún ṣe. Èyí tó ń pa á ni kí èèyàn fẹ́ wọ jíà karùn-ún láti kẹrin, kí ọwọ́ wá ṣì lọ sí kẹta lórí eré. Ọ́ìlì pọ́ńpù ẹ̀ máa ń fọ́ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bá a lọ. Béèrè ẹni tó ń wà á tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ tó ń sáré lóru lójú ọ̀nà Mọ́níyà ni, má rà á.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo ti fi ti Apátá sílẹ̀. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò Corolla XRS 2005 ránṣẹ́ sí mi láti Sámọ́ńdà, C60 ló wà lára òpó ilẹ̀kùn. Ó ju owó mi lọ díẹ̀. Sátidé ni mò ń lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n Maikírà, ṣé ẹ lè tẹ̀ lé mi?

Maikírà Nìkan

Àárọ̀ kùtù ni, bí kò bá sí òjò. Sọ fún un pé kó má tan án ká tó dé. Màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, a ó jókòó dè é kó tutù ká tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó.