Ibo ni àwọn ọmọ yín ti ń ṣeré ní Abẹ́òkúta?

Ìyá Ìbejì (Ọbáńtokò): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọnkéré ló bo gbogbo àgbàlá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń gbé, onílé kò sì fẹ́ kí ọmọ sáré níbẹ̀, nítorí náà orí fóònù ni àwọn ìbejì mi ń bá eré wọn lọ. Ní oṣù tó kọjá ni a rí i pé Táyé kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́. Dókítà ojú ní kí n jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa pẹ́ níta lójú ọ̀sán, kí ojú Kẹ́hìndé má bàa rí bẹ́ẹ̀. Ìta wo ni kí n kó wọn lọ?

Ọmọ Ìkìjà: Ẹsẹ̀ Olúmọ ni àwa ti ṣe bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran, ẹnikẹ́ni kò sì ra ohunkóhun fún wa. Ẹ tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n jáde.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà ti gba ojú ọ̀nà tí ẹ̀ ń sọ yẹn.

Bàbá Làfẹ́nwá: Ìta ni àwọn ọmọ tiwa ń gbé, kò sì tíì di àlàáfíà fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àkọ́bí mi nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ lódò sì sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ̀rù, pé ó ti ń di ọkùnrin ni. Oṣù mẹ́ta ni ó fi pa á mọ́ fún wa. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi igi wọn gíga rẹ̀ kí wọ́n tó mọ iye hóró oògùn praziquantel tí yóò lò. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kò rí ẹni mú un lọ, nítorí pé bí ìyá rẹ̀ kò bá dé ọjà lóòjọ́, ilé kò ní jẹun.

Abọ́sẹ̀dé: Àbúrò mi náà tọ̀ ọ́, a sì rò pé àgbà ló ń dà.

Nọ́ọ̀sì Adátán: Ara ìgbín inú omi ni kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń jáde, tí yóò sì gba awọ ara wọlé. Àwọn tó ń gbé létí ìdídò (dáàmù) Ọyán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, mọ àìsàn yìí dáadáa. Bí ọmọ bá lo oògùn tán tí ó tún padà sínú omi kan náà, yóò tún kó o.

Ọmọ Ìkìjà: Ẹ ṣáà kọ odò fún wọn.

Bàbá Làfẹ́nwá: Omi ẹ̀rọ kì í yọ ládùúgbò wa. Àwa la rán wọn lọ pọn omi, ọmọ tó bá sì dé etí odò nínú oòrùn yóò wọ inú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adátán: Òtítọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́ ṣe ohun tí yóò mú ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ Làfẹ́nwá ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ibi tó ti ń ṣe é ni àìsàn wà.

Ìyá Dára (Ìbarà): Ó dùn mí láti sọ ọ́: pápá oníkoríko wà nínú ọgbà ilé wa, ìgbà mìíràn sì wà tí Dára nìkan ń ṣeré níbẹ̀ títí tí yóò fi sunkún, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ìta wọlé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá wa bẹ̀ wọ́n?

Ìyá Dára (Ìbarà): A ní ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, màá sọ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ mélòó ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì: Méjì ni tèmi. Bàbá Làfẹ́nwá, mélòó ni tiyín?