Orí eegun itan tó ń kú lára ẹni SS: ṣé kí wọ́n lu ihò sí i ni, àbí kí a dúró?

Ẹ̀yin dókítà eegun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Àbúrò wa obìnrin, ẹni ọdún 22, ẹ̀jẹ̀ SS, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìbàdí ọ̀tún ló ń dùn ún. Ẹ́síréè ò fi nǹkan kan hàn, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun itan náà mọ́. Orí náà ṣì rí róbótó, kò tíì wó, ṣùgbọ́n ibi tó ti kú ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Oṣù mẹ́ta ló ti ń fi ọ̀pá rìn, ó ń lo hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìkọlù àrùn SS kù, ó sì ń ṣe physiotherapy (eré ìdárayá ìtọ́jú) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìrora ọ̀sán dín kù. Ti òru ò lọ.

Dókítà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan ní kí wọ́n lu ihò wọ inú eegun kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí wọ́n sì fi mùdùnmúdùn láti eegun ìbàdí rẹ̀ sí i. Èkejì ní physiotherapy nìkan ti tó, torí ìwádìí Amẹ́ríkà kan ní 2006 fi hàn pé lára àwọn SS, lílu ihò ò fi bẹ́ẹ̀ ju eré ìdárayá lọ. Ẹ̀kẹta ní ká dúró títí yóò fi wó, kí wọ́n wá pààrọ̀ oríkèé náà. Èyí ló ń bà wá lẹ́rù jù: oríkèé àtọwọ́dá máa ń gbó, ọmọ ọdún 22 yóò tún un ṣe, ihò inú eegun SS sì máa ń há, ó máa ń le, ó lè sán lábẹ́ irin, kòkòrò àrùn náà ò sì jìnnà sí i.

Pẹ̀lú ibi tó kú tó gbòòrò báyìí, tí orí ò tíì wó, èwo lẹ ó yàn nínú ihò àti physiotherapy, kí sì ni ẹ ó rí nínú MRI tó ń bọ̀ tí ẹ ó fi yí ọkàn padà?